Bí a ṣe ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ Wi-Fi: ọ̀nà wo ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ráótà bá yí padà?

Àtiso ESP32, ṣíìpù kékeré tí Wi-Fi wà nínú rẹ̀ tí à ń kọ kóòdù sí, mọ́ Wi-Fi ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò le rárá. Orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, páswọ́ọ̀dù, ìlà kóòdù méjì mẹ́ta, ó ti parí. Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan ni wàhálà máa ń dé, nígbà tí onílé bá ti gbé MiFi àtijọ́ jù sí kọ̀rọ̀, tó ti ra ráótà tuntun, tí ẹ̀rọ tó wà lókè táǹkì omi sì ṣì ń wá orúkọ MiFi tí wọ́n ti pa. Nítorí náà, bí mo bá ń fi àwọn ọ̀nà yìí wéra, mi ò kì í wo èyí tó yá jù láti ṣe. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: ta ló máa pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀, kí ló sì máa wà lọ́wọ́ ẹni náà?

ESP32 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ESP8266, ni mo ní lọ́kàn jù. Ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai ló ń ṣe wọ́n. ESP8266 jáde ní 2014, ESP32 tẹ̀lé e ní 2016. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, ní ìwà tirẹ̀, màá yà á sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Nǹkan kan ṣáájú gbogbo ẹ̀: nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi ń lò jù, 2.4GHz àti 5GHz, 2.4GHz nìkan ni ESP8266, ESP32 àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ S2, S3 àti C3 ń gbọ́. Nínú ìdílé yẹn, C5 ló gbọ́ 5GHz. Bí ráótà bá ń gbé méjèèjì jáde lórúkọ kan náà, kì í sábà sí ìṣòro, ẹ̀rọ á mú 2.4 tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti lọ pa 2.4, ẹ̀rọ yín ò ní rí ráótà náà rárá, ẹ lè fi ọjọ́ kan gbáko wá àléébù inú kóòdù tí kò sí níbẹ̀. Hotspot iPhone tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ tan «Maximize Compatibility» kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí 2.4GHz.

## Kíkọ ọ́ sínú kóòdù

Gbogbo wa la ti ibí bẹ̀rẹ̀: `WiFi.begin(oruko, paswoodu)`. Ó fúyẹ́, kò gba àyè nínú ṣíìpù, kò sì sí ojú ewé tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ṣì. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lórí tábìlì yín, tí kéébù USB sì wà nítòsí, ẹ má wá nǹkan míì.

Ilé ẹlòmíì ló ti ń di ìjọ̀gbọ̀n. Bí ìpè yẹn ṣe máa ń rí nìyí:

«Ẹnjiníà, nǹkan tẹ́ ẹ gbé sórí táǹkì yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́ o.»

«Ẹ kú ilé, mà. Ṣé ẹ pààrọ̀ ráótà ni?»

«Àbúrò yín ló ra tuntun wá. Ti tẹ́lẹ̀ ò já geere mọ́.»

Ó di kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wá àkàbà, kí ẹ gun òkè lọ tú ìdérí ike tí òòrùn ti sá gbẹ, torí ọ̀rọ̀ méjì péré tó yí padà.

Kí ẹ tó gun àkàbà, ẹ gbìyànjú èyí ná: ẹ fún ráótà tuntun ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ti àtijọ́ gan-an, lẹ́tà sí lẹ́tà. ESP32 ò mọ̀ pé ráótà ti yí padà. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ló ń wò. Bí méjèèjì bá ti bára mu, á wọlé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù gbogbo ilé náà á sì wọlé láìbèèrè nǹkan kan. Ọ̀nà yìí ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, mo sì gbà pé òun ló yẹ kí gbogbo ẹnjiníà kọ́kọ́ sọ lórí fóònù. Ibi méjì ló ti lè kọ̀. Bí ráótà bá wà lórí WPA3 nìkan, ìyẹn ìlànà ààbò Wi-Fi tó tuntun ju WPA2 lọ, kóòdù tó ti pẹ́ lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ dá a padà sí WPA2 tàbí àdàlù méjèèjì. Èkejì ni bí ẹ bá ti fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà nínú kóòdù, bíi 192.168.8.50, tí ráótà tuntun sì ń pín 192.168.0. Á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ jẹ́ kí ráótà fúnra rẹ̀ pín àdírẹ́sì.

Bí ẹ bá sì máa kọ ọ́ sínú kóòdù dandan, ẹ lo `WiFiMulti`. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ to orúkọ bíi mẹ́ta sílẹ̀, á sì wọ èyí tó bá rí, tí àmì rẹ̀ le jù. Orúkọ kẹta yẹn ni kí ẹ fi ṣe ti pàjáwìrì: orúkọ hotspot kan tí kò sí lágbàáyé àfi tí ẹ bá tàn án lórí fóònù yín. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ dúró ní àgbàlá, ẹ tan hotspot, ẹ̀rọ á wọlé sórí fóònù yín, ẹ á sì ti kóòdù tuntun sí i láti ìsàlẹ̀ láìgun ibì kankan. Ìyẹn bí ẹ bá ti fi OTA (ọ̀nà àtifi kóòdù tuntun ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́) sínú kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé páswọ́ọ̀dù oníbàárà sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú fáìlì `secrets.h`, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà sínú `.gitignore`, kó má bàa bá kóòdù yòókù lọ.

## Ojú ewé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣí

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ń lò, WiFiManager sì ni láíbúrárì (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) tí a mọ̀ jù fún un. Bí ẹ̀rọ bá tan, á gbìyànjú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó rántí. Bí kò bá rí i, òun fúnra rẹ̀ á di ráótà kékeré, á gbé orúkọ jáde, bíi «Tanki-Omi». Onílé á fi fóònù wọ orúkọ yẹn, ojú ewé kan á yọ (bí kò bá yọ, 192.168.4.1 ni kó tẹ̀ sínú burawúsà), á yan Wi-Fi ilé rẹ̀ nínú àwọn tó rí níbẹ̀, á tẹ páswọ́ọ̀dù, á fi pamọ́. Kò sí áàpù tí wọ́n máa wá fi sórí fóònù, kò sì sí fóònù tó ní Wi-Fi àti burawúsà tí kò lè ṣe é.

Ó dáa títí NEPA fi máa mú iná lọ tó máa dá a padà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Iná dé. ESP32 jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wo ọ̀tún wo òsì, kò rí Wi-Fi, torí ráótà ṣì ń nà ara. Òmíràn á lo ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbé orúkọ jáde. ESP32 gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yí padà, ó ṣí ojú ewé rẹ̀, ó jókòó. Ráótà wá dé, ṣùgbọ́n ESP32 ò wo ẹ̀yìn mọ́, torí pé bí wọ́n ṣe ṣe `autoConnect`, àṣẹ WiFiManager tó ń ṣe gbogbo èyí, ni pé kó dúró de ẹni tó máa wá tẹ páswọ́ọ̀dù, títí ayé bí ẹ ò bá fún un ní gbèdéke. Onílé á ní ẹ̀rọ bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Kò bàjẹ́.

Oògùn rẹ̀ ni `setConfigPortalTimeout(180)`: bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá tí ẹnì kan ò wá, kó pa ojú ewé náà dé, kí kóòdù yín sì pe `ESP.restart()`. Á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á bá ráótà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Èmi fẹ́ràn èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ojú ewé má ṣí fúnra rẹ̀ rárá lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Bí kò bá rí Wi-Fi, kó máa gbìyànjú lọ láìsinmi. Ìgbà tí ẹnì kan bá di bọ́tìnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nìkan ni kó ṣí i, nípa `startConfigPortal`. Bọ́tìnì BOOT tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, tó jẹ́ GPIO0, tó fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú ibi tí bọ́tìnì náà máa wà. Bí ẹ̀rọ bá wà lókè táǹkì, ẹ fa wáyà bọ́tìnì wá sí ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkàbà yẹn náà lẹ padà sí.

Ìṣòro kejì ti inú fóònù ni. Android máa ń rí i pé «Tanki-Omi» ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á sì yọ́ padà sórí dátà láìsọ fún ẹnì kan. Ojú ewé ò wá ní ṣí. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sára páálí ni: «Ẹ pa dátà ná.» Ìkẹta: ẹ fi páswọ́ọ̀dù sí orúkọ tí ẹ̀rọ ń gbé jáde, ó kéré tán lẹ́tà mẹ́jọ. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, páswọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé oníbàárà á gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìní ìbòjú, ẹni tó bá wà nítòsí tó mọ ohun tó ń ṣe lè kà á.

## Bluetooth

Níbí, fóònù á bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth, á fún un ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á sì lọ wọ Wi-Fi. Fóònù ò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ «ẹ pa dátà» yẹn ò sí mọ́. Espressif ti ṣe áàpù rẹ̀ sílẹ̀, ESP BLE Prov, fún Android àti iPhone. Ẹ lè tẹ QR code sára ẹ̀rọ: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà àṣírí tó fi hàn pé ẹni náà dúró ti ẹ̀rọ lóòótọ́ náà wà níbẹ̀. Onílé á fi kámẹ́rà wò ó, á yan Wi-Fi, ó tán. Páswọ́ọ̀dù náà á lọ nínú ìpàrokò, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní rí nǹkan kan mú.

Láti wo ọwọ́ ẹni tó ń lò ó, kò sí èyí tó dùn tó o. Ẹni tó ń kọ kóòdù ló ń san gbèsè rẹ̀. ESP8266 ò ní Bluetooth, ESP32-S2 náà ò ní, ọ̀rọ̀ parí fún àwọn yẹn. Lórí ESP32, kóòdù Bluetooth sanra. Nínú Arduino, áàpù tí a fi ń kọ kóòdù yìí, ìpín tó wà nílẹ̀ fún bọ́ọ̀dù 4MB fún kóòdù yín ní nǹkan bí 1.2MB, ẹ pa Wi-Fi pọ̀ mọ́ Bluetooth, kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ tiyín kún un, ó ti kún dé ẹnu. Ẹ yan «Minimal SPIFFS» nínú mẹ́nù, á di 1.9MB, OTA á sì ṣì ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ pa Bluetooth kí mẹ́mọ́rì lè padà sọ́wọ́ yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé ìlànà kì í sọ: lórí Android tó ti pẹ́ díẹ̀, áàpù náà á bèèrè ààyè láti mọ ibi tí fóònù wà. Ẹ wo màmá àádọ́rin ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti kì nílọ̀ nípa àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Á tẹ «Rárá», á sì tọ̀nà.

## Àwọn tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn

SmartConfig: fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé á máa ju nǹkan sínú afẹ́fẹ́, gígùn ẹrù kọ̀ọ̀kan ló ń gbé lẹ́tà páswọ́ọ̀dù, ESP32 á sì dákẹ́ máa kà á. Ọgbọ́n gidi ni ẹni tó ronú ẹ̀. Bí fóònù bá wà lórí 5GHz, ESP32 ò gbọ́ nǹkan kan, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé ìdí nìyẹn. Mo ti gbé e tì.

WPS: ẹ tẹ bọ́tìnì lára ráótà, ẹ tẹ ti ẹ̀rọ, wọ́n bára wọn pàdé. Ní ìparí 2011 ni àṣírí tú pé nọ́ńbà mẹ́jọ tí WPS ń lò fún PIN ṣeé fọ́ sí méjì, ìgbìyànjú 11,000 sì tó láti mọ̀ ọ́n. Ti bọ́tìnì ò ní àléébù yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ti bàjẹ́: ọ̀pọ̀ ráótà ti pa á, Android yọ ọ́ kúrò láti ẹ̀dà 9, WPA3 ò sì gbà á. Bí ráótà oníbàárà yín bá ṣì ní i, kò burú. Ẹ má kọ́ ilé lé e.

Improv: bí ẹ bá ń ta ẹ̀rọ, tàbí tí ẹ ń lo ESPHome (irinṣẹ́ tó ń bá yín ṣe kóòdù ESP), ẹ lè jẹ́ kí ẹni tó rà á fi USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó ṣí ojú ewé kan lórí Chrome tàbí Edge, kó sì fún un ní Wi-Fi níbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, àfi pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà.

| Ọ̀nà | Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ | Ibi tó ti ń já kulẹ̀ |
|---|---|---|
| Inú kóòdù | láptọ́ọ̀pù, USB, ẹnjiníà | ilé tó jìnnà |
| Ojú ewé ẹ̀rọ | fóònù tó ní Wi-Fi | iná tó lọ tó dé, dátà tí wọn ò pa |
| Bluetooth | fóònù, áàpù, QR | ESP8266, kóòdù tó kún |
| SmartConfig | fóònù, áàpù, 2.4GHz | fóònù tó wà lórí 5GHz |
| WPS | bọ́tìnì ráótà | ráótà tuntun, WPA3 |
| Improv lórí USB | kọ̀ǹpútà, Chrome tàbí Edge | ẹ̀rọ tí wọ́n ti kàn mọ́ ògiri |

## Raspberry Pi

Pi 3 tó jáde ní 2016 ni Pi àkọ́kọ́ tí Wi-Fi wà nínú rẹ̀, 2.4GHz nìkan; 5GHz dé pẹ̀lú 3B+ ní 2018. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú lónìí ni pé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń rí kà ti kọjá àsìkò. Wọ́n á ní kí ẹ kọ fáìlì `wpa_supplicant.conf`, kí ẹ jù ú sínú ìpín boot lórí káàdì. Ó ṣiṣẹ́ títí dé Bullseye, ẹ̀dà àtijọ́ kan ti Raspberry Pi OS. Láti Bookworm, tó dé ní October 2023, NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló gba iṣẹ́ náà, ẹ lè ju fáìlì yẹn sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní wò ó.

Ó wá ku ọ̀nà mẹ́ta. Raspberry Pi Imager dáa jù fún ìgbà àkọ́kọ́: kí ẹ tó kọ káàdì, ẹ fi orúkọ, páswọ́ọ̀dù àti orílẹ̀-èdè (NG fún Nàìjíríà) sí i. Ẹ má fo ti orílẹ̀-èdè. Pi tí kò bá mọ ibi tó wà lè pa Wi-Fi rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, Imager ò wúlò fún ìpààrọ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo káàdì rẹ́. `nmtui`, mẹ́nù NetworkManager, dára fún ẹni tí ojú ìwòye Pi wà níwájú rẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni `nmcli`, àṣẹ tí a ń tẹ̀ fún NetworkManager, torí ó lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò tíì sí nítòsí:

`sudo nmcli connection add type wifi con-name ile-tuntun ifname wlan0 ssid "Ile-Tuntun" wifi-sec.key-mgmt wpa-psk wifi-sec.psk "paswoodu-ibe"`

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí `nmcli device wifi connect`. Ìyẹn á fò lọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé SSH (wíwọ inú Pi láti orí kọ̀ǹpútà míì) lẹ fi wọlé láti orí ti àtijọ́, ojú ìwòye á dì, ẹ á sì máa gbàdúrà pé páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ tẹ̀ tọ̀nà. `connection add` á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ti àtijọ́ ṣì wà, ti tuntun náà wà, èyí tí Pi bá rí ni á wọ̀. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní òun máa ra ráótà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kó sọ orúkọ tó máa fún un nísinsìnyí, kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sínú Pi sílẹ̀ dè é. Bí àwọn méjèèjì bá sì máa wà pọ̀, `connection.autoconnect-priority` ló ń sọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nọ́ńbà tó pọ̀ jù ló ń borí.

Pi tó bá ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tiẹ̀ yẹ kó fún ẹnikẹ́ni lẹ́fọ̀ọ́rí. Ẹ ki wáyà bọ inú ráótà, ẹ wọlé, ẹ ṣàtúnṣe. Pi Zero ni kò ní i; bí ẹ bá máa gbé e fún ẹlòmíì, ẹ fi comitup sí i, ó ń ṣe irú ojú ewé tí WiFiManager ń ṣe fún ESP32.

## Èwo wá ni?

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tiyín, nílé yín, kóòdù pẹ̀lú `WiFiMulti`. Bó bá jẹ́ ESP8266 tẹ́ ẹ gbé fún oníbàárà, ojú ewé ẹ̀rọ pẹ̀lú bọ́tìnì. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ESP32, tí ẹ sì ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó mọ fóònù lò, Bluetooth pẹ̀lú QR. Wàhálà kóòdù ẹ̀ẹ̀kan ni, ìpè tí kò ní wọlé mọ́ pọ̀. Fún ilé àwọn àgbàlagbà, mo ṣì gbà pé ojú ewé sàn ju Bluetooth lọ, torí ẹnikẹ́ni ládùúgbò ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ Wi-Fi.

Ẹni tó wà ní London tó ń bójú tó táǹkì ilé ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn ò nílò ọ̀kankan nínú wọn tó bó ṣe nílò pé kó kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé sí ibi kan, kó sì kìlọ̀ fún ẹni tó máa lọ ra ráótà pé kó fún un ní orúkọ kan náà. Kó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kó sọ fún un pé tó bá ń kọ́pì í, kó má mú àlàfo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Àlàfo náà lẹ́tà ni lójú ẹ̀rọ.

Ó ku ọ̀kan tó jẹ́ tiwa gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ sọ Wi-Fi yín ní orúkọ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì. Orúkọ Wi-Fi ò gbọ́dọ̀ ju báìtì 32 lọ, «ọ̀» kan ṣoṣo sì lè jẹ báìtì márùn-ún. Èyí tó burú jù ni pé bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé orí fóònù méjì lè kọ «ọ̀» lọ́nà méjì tó jọra lójú wa, àmọ́ tí báìtì wọn yàtọ̀. Báìtì ni ESP32 ń fi wéra. Ẹ á máa wo «Ilé Ọ̀nà Ọ̀fà» lórí fóònù, ẹ á máa wo «Ilé Ọ̀nà Ọ̀fà» nínú kóòdù, ẹ̀rọ á sì máa sọ pé òun ò rí i. «Ile-Ona-Ofa», ó tó.